Ẹja Bomo: Ta Ló Ń Kọ Ọ́ Sílẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹja la fẹ́ bá ara wa sọ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn kan á ti máa béèrè pé kí ló kan ọmọ Yorùbá tó ń gbé Zaria pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹja, ṣé Ìlàjẹ ni wá ni, àbí ará Ẹ̀pẹ́? Ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹja, ẹni tó ń yan án, ẹni tó ń tà á, àti ẹni tí ìyá rẹ̀ fi owó ẹja rán níléèwé, ọ̀rọ̀ yìí kàn án. Bí a bá sì wo àwùjọ wa dáadáa, a ò mọ ilé tí kò ní ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tuntun sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ inú omi, ó sì fi gómìnà tẹ́lẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Gboyega Oyetola, ṣe mínísítà ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹja kúrò lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn, tí wọ́n gbé e wá sábẹ́ iléeṣẹ́ tuntun yìí. Iye kan wà tí àwọn aláṣẹ sábà máa ń pè léraléra: wọ́n ní ẹja tí Nàìjíríà nílò lọ́dún kan tó mílíọ̀nù 3.6 tọ́ọ̀nù, àti pé èyí tí àwa fúnra wa ń pa, pẹ̀lú èyí tí a ń sìn, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.1 lọ. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a fi ń dí àlàfo náà ti ń wá nínú yìnyín, òun ni àwọn èèyàn wa sọ ní òkú Èkó. Ìjọba ní àwọn fẹ́ kí òkú Èkó dín kù, kí ẹja tiwa sì pọ̀ sí i. Ohun tó dára ni, a sì gbà á ládùúrà.

Ìbéèrè tiwa ni pé, nínú mílíọ̀nù 1.1 yìí, mélòó ló ti Bomo wá? Ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ nínú kòtò lẹ́yìnkùlé rẹ̀ mọ iye tó kó jáde, nítorí ó wọ̀n ọ́n kó tó tà á. Ọkọ̀ ńlá tó ń fa àwọ̀n lójú òkun ní láti gba ìwé àṣẹ, orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ẹja inú adágún kéékèèké bíi ti Bomo, tí ọkùnrin méjì máa ń lọ kó lóru pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré, tí àwọn obìnrin á ti pàdé wọn létí omi kí ilẹ̀ tó mọ́, tí yóò ti tú ká sí Samaru àti Sabon Gari kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ta ló ń kọ ọ́? Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello máa ń wá wo àwọn omi agbègbè wa, wọ́n ń wọn omi, wọ́n ń yẹ ẹja wò, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní ìparí. Bí ọmọ bá ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ìwé ojoojúmọ́ là ń sọ, èyí tí kì í dáwọ́ dúró.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa báyìí. Bí a bá jókòó sí ìpàdé, àwọn ìyá tó ti pẹ́ nídìí òwò ẹja á ní ẹja Bomo ti ń tán, pé ẹja tó ń wọ apẹ̀rẹ̀ àwọn kò tó ti àtijọ́, epìyà sì ti kéré bí àtàǹpàkò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ẹja lọ sọ́jà á ní rárá o, ẹja tó ń jáde báyìí pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n á jiyàn títí ìpàdé á fi tú. Ohun tó ya ni lẹ́nu ni pé òótọ́ lè wà lẹ́nu apá méjèèjì. Ibi tí wọn ò ti yé ara wọn ni pé ẹja nìkan ni wọ́n ń kà, wọn ò ka làálàá tí apẹja ṣe kó tó rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré yé ara wa. Ká sọ pé lọ́dún kan, àwọ̀n mẹ́wàá ló ń wọ omi lálẹ́, apẹ̀rẹ̀ ẹja 20 ló sì ń jáde láàárọ̀. Àwọ̀n kan ń mú apẹ̀rẹ̀ méjì wá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, iṣẹ́ ti wọ́n, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ya sídìí ẹja, àwọ̀n tó ń wọ omi ti di 40, apẹ̀rẹ̀ tó ń jáde sì di 24. Ẹni tó bá dúró lọ́jà, tó ka apẹ̀rẹ̀, á ní ẹja ti pọ̀ sí i, torí 24 ju 20 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ pín 24 sí ọ̀nà 40. Àwọ̀n kan ò mú odindi apẹ̀rẹ̀ kan wá mọ́, ìdajì àti díẹ̀ ló ń mú wá. Apẹja tó ń gba apẹ̀rẹ̀ méjì tẹ́lẹ̀ ti ń gba ìdajì, ìyàwó rẹ̀ mọ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀, omi náà sì mọ̀. Ọjà nìkan ni kò tíì mọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ nípa iṣẹ́ ẹja káàkiri àgbáyé fi ní ohun méjì la gbọ́dọ̀ kọ pọ̀: ẹja tí a pa, àti làálàá tí a fi pa á. Àwọ̀n mélòó? Ojú rẹ̀ fẹ̀ tó? Èèyàn mélòó? Wákàtí mélòó? Bí a bá kọ ọ̀kan láìkọ èkejì, ó dà bí ẹni tó mọ iye owó tó wọlé lọ́jà, tí kò mọ iye tó fi ra ọjà náà. Irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ á máa rò pé òun ń jèrè ni títí tí owó òwò á fi tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán la ń sọ yìí, ó ti ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kainji lórí odò Ọya. Ọdún 1964 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdídò ibẹ̀, omi sì kún un ní 1968. Ó gba ilẹ̀ tó fẹ̀ ju 1,200 kìlómítà lọ níbùú lóròó, ìlú Bussa àtijọ́ wọ inú omi, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí New Bussa. Gbogbo ewéko àti ilẹ̀ tí omi bò di oúnjẹ fún ẹja, ẹja sì bí sí i lọ́nà àrà. Ní 1970, ẹja tí wọ́n pa níbẹ̀ lé ní 28,000 tọ́ọ̀nù. Àwọn apẹja ya lọ síbẹ̀ láti ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tó wà nínú omi tuntun kì í pẹ́ tán. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ẹja tó ń jáde ní Kainji kò tó ìdá mẹ́rin iye yẹn mọ́.

Láti 1993 sí 2001, ìjọba Nàìjíríà àti ìjọba Jámánì jọ ṣe iṣẹ́ kan lórí ẹja Kainji, pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìwádìí ẹja inú odò tó wà ní New Bussa. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é, nítorí ohun tí àwa náà lè fi kọ́gbọ́n ni. Wọ́n mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè ka gbogbo ẹja inú omi tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, wọ́n ń yí adágún náà po, wọ́n ń ka abúlé apẹja, wọ́n ń ka ọkọ̀, wọ́n ń ka apẹja, wọ́n sì ń ka irú àwọ̀n àti ìgèrè tó wà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n yan abúlé díẹ̀, wọ́n fi akọ̀wé síbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, akọ̀wé á wọn ẹja, á béèrè irú àwọ̀n tí wọ́n lò. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ iye ẹja tó kan àwọ̀n kan lọ́jọ́ kan, tí wọ́n sì mọ iye àwọ̀n tó wà lórí omi àti iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń pẹja, ìṣirò tí ọmọ iléèwé lè ṣe ló kù.

Kí ni wọ́n rí? Ní 1996, ẹja Kainji lọ sókè, ó lé ní 38,000 tọ́ọ̀nù, ó ju ti 1970 lọ. Ẹni tó bá gbọ́ iye yẹn nìkan á pa màlúù ni. Ṣùgbọ́n ìwé kejì, ìwé làálàá, ń sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn apẹja ti pọ̀, àwọ̀n wọn ti pọ̀, àwọn àwọ̀n gbọọrọ kan tí ojú wọn kéré sì wà, èyí tí wọ́n máa ń fà wá sétí omi, tó ń gbá ọmọ ẹja pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ. Ọmọ ẹja tí kò tíì bímọ rí ló ń kún apẹ̀rẹ̀. Ìwé yẹn ló fún ìjọba ìpínlẹ̀ Niger àti ti Kebbi lẹ́nu láti fòfin de àwọ̀n bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì bá àwọn olórí apẹja jókòó lé e lórí. Nígbà tó fi máa di 2001, ẹja tó ń jáde kò tó ìdajì ti 1996 mọ́. Bí kò bá sí àkọsílẹ̀, wọn ì bá ti máa jó lórí 38,000 lọ, kí wọ́n tó jí.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ lè tan èèyàn jẹ bí a bá gbà á lọ́wọ́ apá kan ṣoṣo. Èyí ló ṣẹlẹ̀ ní Newfoundland, létí òkun Kánádà. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní cod. Irú ẹja yìí náà ni àwọn ará Norway ń sá gbẹ, tí wọ́n ń kó wá fún wa ní pańla. Láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ìjọba gbára lé ìwé àwọn ọkọ̀ ńlá púpọ̀. Wọ́n rí i pé iye ẹja tí ọkọ̀ ń mú ní wákàtí kan kò dín kù, wọ́n sì ní ẹja ṣì pọ̀. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ka ẹ̀rọ tuntun tí àwọn ọkọ̀ náà fi ń wá ẹja rí lábẹ́ omi kún un. Wọn ò sì tètè mọ̀ pé bí ẹja ṣe ń dín kù, ìyókù ń kó ara wọn jọ sójú kan, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti lè rọra kó wọn tán.

Ní àkókò kan náà, àwọn apẹja kéékèèké etí òkun ń pariwo pé ẹja tó ń wọ àwọ̀n àwọn ti dín kù, pé ẹja tí àwọn ń rí ń kéré sí i. Wọn kò fetí sí wọn bó ṣe yẹ. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje ọdún 1992, ìjọba Kánádà fòfin de pípa ẹja náà. Nǹkan bí 30,000 èèyàn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìlú kéékèèké tó ti ń fi ẹja jẹun láti ayé baba ńlá wọn fọ́n ká. Ọdún 2024 ni ìjọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí òfin náà, ìyẹn lẹ́yìn ọdún 32. Ẹ̀yin èèyàn wa, Kánádà nìyẹn o, orílẹ̀-èdè tó ní owó àti onímọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹni kékeré kò bá sí nínú ìwé, ọ̀rọ̀ onímọ̀ náà lè ṣìnà.

Ewu kẹta ni irọ́. Ní 2001, àwọn onímọ̀ méjì tó ń jẹ́ Reg Watson àti Daniel Pauly gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní ẹja òkun àgbáyé tí wọ́n ní ó ń pọ̀ sí i kò pọ̀ sí i rárá, ó ń dín kù ni. Wọ́n ní iye tí orílẹ̀-èdè Ṣáínà ń kọ ránṣẹ́ ti ga ju òótọ́ lọ, ìyẹn ló sì bo àìsàn náà mọ́lẹ̀. Ìdí tí wọ́n rò ni pé àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ níbẹ̀ ń rí ìgbéga bí iye tí wọ́n kọ bá ga, wọ́n sì ń kọ ọ́ kó ga. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á lé e bá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ẹja, kí òótọ́ tó lé e bá, omi ti lè gbófo.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Bomo wàyí, ká sọ èyí tó wà nínú wa. A mọ ìdí tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan wọn sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni haraji. Bí ẹni kan bá ti mú ìwé àti bírò wọ ọjà, tó ń béèrè iye tí o tà, ọkàn á sọ fún ọ pé owó orí ló ń bọ̀. Èkejì ni àṣà. Àwọn òbí wa kì í fẹ́ kí wọ́n ka ọmọ àwọn, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹlòmíì mọ iye èrè tó wà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀kẹta ló wúwo jù, òun sì ni ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá: pé àlejò ni wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí orúkọ àlejò bá ti wà nínú ìwé, ọjọ́ kan á pé tí wọ́n á fi ìwé náà lé e. Ẹ rántí ètò ìkànìyàn ọdún 2006, bí àwọn kan lára wa ní Òkè Ọya ṣe di ẹrù, tí wọ́n lọ ka ara wọn nílé. Ilé gba iye wọn. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń mu, iléèwé tí ọmọ wọn ń lọ, ilé ìwòsàn tí wọ́n ń bímọ sí, gbogbo rẹ̀ wà níbí, níbi tí wọn kò ti sí nínú ìwé.

Bọ́rọ̀ ẹja náà ṣe rí nìyẹn. Láti ayé rélùwéè ni àwọn bàbá wa ti wà ní Zaria, a ti bímọ níbí, a ti sìnkú níbí. Ṣùgbọ́n nídìí ẹja, kì í ṣe àwa la pọ̀ jù nínú àwọn tó ń sọ àwọ̀n, àwọn ará wa Hausa ló pọ̀ níbẹ̀. Àwa la pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á, tó ń yan án, tó sì ń gbé e kiri. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹja bá tán nínú omi, ta ni ẹ rò pé wọ́n á kọ́kọ́ nawọ́ sí? Wọ́n á ní àwọn obìnrin àlejò tó ń ra ẹja wẹ́wẹ́ ló ba omi jẹ́. Bí a kò bá ní àkọsílẹ̀, kí la ó fi dáhùn? Ẹnu lásán ni, ẹnu àlejò kì í sì í ga ju ti onílé lọ. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá sì gbé ètò ìrànwọ́ wá, tàbí tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó ń ṣòwò ẹja gba ìwé àṣẹ, orúkọ tó bá wà nínú ìwé ni wọ́n á pè. Ẹni tó sá fún ìwé nítorí haraji á rí i pé haraji kò yọ òun sílẹ̀, ìrànwọ́ nìkan ló yọ òun sílẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹja lè dín kù láìjẹ́ pé apẹja ló pa á tán. Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ oko ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n ń ṣe ní Bomo, tòmátò, ata, àti ìrèké. Ẹ̀rọ ń fa omi, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò ń ṣàn padà sínú omi nígbà òjò, erùpẹ̀ sì ń kún ìsàlẹ̀. A ò bá àgbẹ̀ jà o, àgbẹ̀ ló ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí àkọsílẹ̀ bá fi hàn pé iye àwọ̀n kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ ẹja tó ń kan àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń dín kù lọ́dọọdún, a jẹ́ pé kí wọ́n lọ wo omi fúnra rẹ̀, kí wọ́n má fi ìyà ẹlẹ́ṣẹ̀ jẹ aláìṣẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé májèlé bíi Gamalin 20 ni àwọn kan ń dà sómi lóru, ìwé náà á fi hàn, nítorí ẹja á ya jáde lójijì lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn náà á dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹja inú odò, tí wọ́n ṣe ní 1992, kò fàyè gba májèlé tàbí ohun tó ń bú gbàmù nínú omi, ó sì ní bí ojú àwọ̀n ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Òfin ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀rí ni kò sí.

Báwo la ṣe máa ṣe é? Kò nílò kọ̀ǹpútà. Gbogbo wa la mọ káàdì àjọ. Alájọ máa ń fàlà sí ojúlé ọjọ́ tí o bá dá owó, ọjọ́ tí o kò bá dá, ojúlé náà á ṣófo, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn nígbà tí oṣù bá parí. Ìwé ẹja kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé iléèwé kan, kí a fàlà sí i, kí a kọ ọjọ́, ibi tí wọ́n ti pẹja, irú ohun tí wọ́n fi pa á, bóyá àwọ̀n ni tàbí ìgèrè tàbí ìwọ̀, kí a kọ iye rẹ̀, iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀, ìgbà tí wọ́n wọ omi àti ìgbà tí wọ́n jáde. Lẹ́yìn náà, irú ẹja, àrọ̀ lọ́tọ̀, epìyà lọ́tọ̀, iye apẹ̀rẹ̀, àti iye owó. Ìyá tí kò mọ̀wé lè pe ọmọ rẹ̀ tó wà níléèwé girama kó bá a kọ ọ́.

Ohun mẹ́ta péré la fẹ́ tẹnu mọ́. Èkíní, apẹ̀rẹ̀ kò dọ́gba. Apẹ̀rẹ̀ Bomo lè má tó apẹ̀rẹ̀ Sabon Gari. Kí a yan apẹ̀rẹ̀ kan, kí a gbé e sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kí a mọ iye kílò tó gbà, kí gbogbo wa máa fi ìyẹn ṣírò. Èkejì, kí a kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ tí wọn kò rí nǹkan kan mú bọ̀. Àwọn èèyàn kì í fẹ́ kọ òfo sílẹ̀, ojú máa ń tì wọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfo yẹn ni ohun tí ìwé náà wà fún jù lọ. Bí a bá kọ ọjọ́ ire nìkan, ìwé wa á máa sọ pé ire ni lójoojúmọ́, àwa náà á wá di ará Newfoundland. Ẹ̀kẹta, bí ohun èlò bá yí padà, kí a kọ ọ́. Ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ lánàá, tó ra ẹ̀rọ lónìí, kì í ṣe apẹja kan náà mọ́ lójú ìwé.

Sí ìjọba ìbílẹ̀ Sabon Gari, sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kaduna, àti sí iléeṣẹ́ tuntun ní Àbújá, ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń gba haraji àti ẹni tó ń kọ ẹja jẹ́ ẹnì kan náà. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì bá di ọ̀kan, irọ́ ni wọ́n á máa sọ fún yín, ẹ ò sì ní í mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò, kí a lè fi ojú ara wa rí ohun tí ẹ kọ nípa wa. Ẹ máa padà wá sọ fún wa lọ́dọọdún ohun tí ìwé náà wí, nítorí ó máa ń rẹ ẹni tí wọ́n ń bi léèrè lójoojúmọ́, tí kò gbọ́ èsì rí. Kí àwọn onímọ̀ yunifásítì, tí ọ̀nà wọn kò jìn sí Bomo, sì kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò díẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa dúró nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ.

Sí ẹ̀yin ìyá wa ẹlẹ́ja, ọ̀dọ̀ yín lọ́rọ̀ yìí kù sí. Kò sí apẹ̀rẹ̀ kan tó jáde nínú omi yẹn tí ojú yín kò rí. Ẹ mọ ọdún tí epìyà tóbi, ẹ mọ oṣù tí àrọ̀ wọ́n, inú orí yín ni gbogbo rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú orí kì í ṣe ẹ̀rí níwájú Mai Unguwa, kì í sì í ṣe ẹ̀rí níwájú ìjọba. Ẹ bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀, ẹ bá Sarkin Ruwa sọ̀rọ̀ níbi tó bá wà, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe amí la fẹ́ ṣe. Omi kan náà ló ń bọ́ àwa àti àwọn. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí Hausa tó ń sọ àwọ̀n àti Yorùbá tó ń ra ẹja bá jọ mú ìwé kan náà lọ síwájú aláṣẹ, kò sí ẹni tó máa béèrè ta ni àlejò.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, a ó mú ọ̀rọ̀ ìwé yìí wá síwájú gbogbo èèyàn. Kí ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n gbé e dání, kí ẹlẹ́ja sì mú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wá. Ọlọ́run á jẹ́ ká bára wa láyọ̀ o. Ó tún dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.